Ìfàmu àti Ìdéẹ̀jẹ̀: Ibi tí Àṣìṣe ti ń Wọ inú Ìṣirò Oògùn láti inú Ẹ̀jẹ̀

Ní ọdún 1983, ìwé àtìgbàdégbà British Journal of Clinical Pharmacology tẹ àbájáde ìwádìí kan jáde lórí oògùn ibà tí à ń pè ní kúlórókúìnì. Gustafsson ni orúkọ rẹ̀ ṣáájú nínú àwọn olùwádìí náà, O. Walker, onímọ̀ ìṣe-oògùn ti Yunifásítì Ìbàdàn, wà lára wọn. Wọ́n fún àwọn ènìyàn tí ara wọn le ní oògùn náà ní ọ̀nà mẹ́ta: wọ́n fà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn, wọ́n fún wọn ní èyí tí a pò mọ́ omi mu, wọ́n sì fún wọn ní hóró rẹ̀ gbé mì. Nígbà tí wọ́n ṣírò ìdá tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀ láti inú hóró tí a gbé mì, iye tí wọ́n rí lára ẹnì kan yàtọ̀ sí ti ẹnì kejì. Èyí tí ó kéré jù jẹ́ 67 nínú ọgọ́rùn-ún. Èyí tí ó pọ̀ jù jẹ́ 114.

Iye kejì yìí ni ó yẹ kí òǹkàwé dúró wò dáadáa. Bí a bá fi náírà 100 rán ọmọ lọ sí Ọjà'ba, tí ó sì ra ọjà náírà 114 bọ̀, a ó bi í léèrè ibi tí ó ti rí náírà 14. Ẹni tí ó gbé mílígíráàmù 300 mì kò lè ní 342 nínú ara. Síbẹ̀, iye náà kì í ṣe irọ́, àwọn olùwádìí náà kò sì fi í pamọ́. Ọ̀nà ìṣirò tí gbogbo ayé ń lò ni ó mú un wá. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ dáhùn ni ti ibi tí 14 náà ti wá, àti irú ọ̀rọ̀ Yorùbá tí ó yẹ kí olùkọ́ àti olùtumọ̀ lò kí wọ́n má baà tún fi àṣìṣe tiwọn kún èyí tí ó ti wà nílẹ̀.

Kò sí ẹni tí ń fi ojú rí oògùn bí ó ti ń ti inú ìfun wọ ara. Ẹ̀jẹ̀ apá ni à ń fà, a óò wọn oògùn tí ó wà nínú rẹ̀, a óò sì ti ibẹ̀ méfò sẹ́yìn. Ó dà bí ẹni tí ó dúró lórí afárá Ògùnpa, tí ó ń wo bí omi ti ga tó, tí ó sì fẹ́ fi gíga omi náà sọ bí òjò tí ó rọ̀ sórí páànù ilé Ọjà'ba, Bẹẹrẹ àti Òkè Mápó ti pọ̀ tó. Omi tí ó ń wò jẹ́ èyí tí ó wọ inú odò, láìka èyí tí ilẹ̀ ti mu, láìka èyí tí ó ti ṣàn kọjá. Àwọn ará Ìbàdàn kò gbàgbé Ọmíyalé ti 31 Oṣù Kẹjọ 1980. Òjò ńlá ni ó rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n pàǹtírí tí ó dí ojú omi náà ní ọwọ́ nínú ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Bí odò bá kún, ó lè jẹ́ pé èyí tí ó wọlé pọ̀. Ó sì lè jẹ́ pé èyí tí ó ń jáde ni kò jáde dáadáa.

Ọ̀rọ̀ oògùn rí bẹ́ẹ̀ gan-an. Friedrich Hartmut Dost, dókítà àwọn ọmọdé ní Jámánì, ni ó kọ ìwé ńlá àkọ́kọ́ lórí ẹ̀ka ìmọ̀ yìí ní ọdún 1953. Ìlànà tí ó fi lélẹ̀ ni pé kí a ya ìlà tí ó ń fi hàn bí oògùn inú ẹ̀jẹ̀ ti ń pọ̀ tí ó sì ń dín kù láti wákàtí dé wákàtí, kí a wọn ilẹ̀ tí ó wà lábẹ́ ìlà náà, kí a sì fi ilẹ̀ abẹ́ ìlà ti oògùn tí a gbé mì wé ti oògùn tí a fà sínú iṣan. Èyí tí a fà sínú iṣan ti dé inú ẹ̀jẹ̀ pátápátá. Òun ni òṣùwọ̀n. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n àdéhùn kan wà nínú rẹ̀ tí a kì í sábà sọ síta: pé ara ènìyàn náà ń yọ oògùn kúrò bákan náà ní ọjọ́ méjèèjì. Bí ẹ̀dọ̀ tàbí kíndìnrín bá lọ́ra díẹ̀ ní ọjọ́ tí ó gbé hóró mì, ilẹ̀ abẹ́ ìlà ọjọ́ náà yóò fẹ̀ sí i, ìṣirò yóò sì ka ìlọ́ra ẹ̀dọ̀ sí ọ̀pọ̀ ìfàmu. Ọ̀nà kan pàtàkì nìyí tí 114 fi lè jáde láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣi nǹkan kan kà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí a ó máa lò láti ìsinsìnyí lọ: ìki. Bí ẹlẹ́kọ ti ń sọ pé ògì òun ki tàbí pé ó ṣàn, bẹ́ẹ̀ ni a lè sọ̀rọ̀ ìki oògùn nínú ẹ̀jẹ̀, èyíinì ni bí oògùn náà ti pọ̀ tó nínú ìwọ̀n omi kan. “Iye oògùn” kò tó fún èyí, nítorí pé iye lè pọ̀ kí ìki kéré, bí àyè tí oògùn náà tàn dé bá tóbi.

Ọ̀rọ̀ méjì tí kò gbọdọ̀ di ọ̀kan

Nínú ọ̀pọ̀ ìtumọ̀, ìfàmu nìkan ni a ń bá pàdé, a sì ń lò ó fún ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni kíkọjá oògùn láti inú ìfun gba ara ògiri ìfun wọlé. Èkejì ni dídé rẹ̀ sínú ẹ̀jẹ̀ tí ń lọ yí ká gbogbo ara. Láàárín méjèèjì, ẹ̀dọ̀ ni ó dúró bí oníbodè. Nígbà tí Ìbàdàn ṣì ní odi, ẹni tí ó ru ẹrù dé bodè kì í mú gbogbo rẹ̀ wọ ìlú. Oníbodè yóò gba tirẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ tí ó ń ti inú ìfun bọ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba inú ẹ̀dọ̀ kọjá, ẹ̀dọ̀ a sì máa yí apá kan nínú oògùn padà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ ọkàn.

Propranolol, tí a ń lò fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ni àpẹẹrẹ tí ó dára jù lọ. Ìfun fẹ́rẹ̀ẹ́ fa gbogbo rẹ̀ mu tán, ṣùgbọ́n nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́rin péré ni ó ń kọjá bodè ẹ̀dọ̀. Olùkọ́ tí ó bá sọ pé “ìfàmu rẹ̀ jẹ́ 25 nínú ọgọ́rùn-ún” ti sọ ohun tí kì í ṣe òótọ́ nípa ìfun, akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ yóò sì máa wá àbùkù sí ara hóró oògùn tí kò ní àbùkù. Nítorí náà ni ó ṣe yẹ kí a pa ìfàmu mọ́ fún iṣẹ́ ìfun, kí a sì lo ìdéẹ̀jẹ̀ fún ìdá tí ó dé inú ẹ̀jẹ̀ gbogbo ara. Ohun tí ìṣirò láti inú ẹ̀jẹ̀ ń fún wa ni ìdéẹ̀jẹ̀. Kì í fún wa ní ìfàmu, àfi bí a bá mọ ohun tí oníbodè gbà.

Àwọn kan lè ṣàríwísí pé ìfàmu fúnra rẹ̀ kò bá a mu, nítorí pé “fà mu” ń tọ́ka sí ẹni tí ó ń fi agbára fa nǹkan, nígbà tí ọ̀pọ̀ oògùn kàn ń rá pálá wọlé láìsí ẹni tí ó fà á. Àríwísí náà ní ìtumọ̀. Ṣùgbọ́n a ń sọ pé ilẹ̀ fa omi mu, ilẹ̀ kò sì ní ẹnu. Ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dúró.

Ẹ̀jẹ̀ wo ni a wọ̀n?

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù fún olùtumọ̀. “Ẹ̀jẹ̀” kì í ṣe ohun kan ṣoṣo nínú iyàrá ìwádìí. Ó lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ lódindi bí ó ti jáde lára. Ó lè jẹ́ omi tí ó ṣẹ́ kù lókè nígbà tí a bá fi oògùn adènà-ìdì sínú ẹ̀jẹ̀, tí a sì fi ẹ̀rọ yí i títí àwọn sẹ́ẹ̀lì fi sọ̀ kalẹ̀. Ó sì lè jẹ́ omi tí ó sun jáde lẹ́yìn tí ẹ̀jẹ̀ ti dì fúnra rẹ̀, irú èyí tí alápatà ń rí lójú ẹ̀jẹ̀ màlúù tí ó wà nínú agbada. Ọ̀pọ̀ ìwé Yorùbá ń pe omi méjèèjì yìí ní “omi ẹ̀jẹ̀”. Fún oògùn púpọ̀, ìpalára rẹ̀ kò tó nǹkan. Fún kúlórókúìnì, ìpalára rẹ̀ pọ̀.

Ní ọdún 1983 kan náà ni Bergqvist àti Domeij-Nyberg, ní Sweden, fi hàn pé kúlórókúìnì a máa kó jọ sínú àwọn sẹ́ẹ̀lì funfun kan àti sínú àwọn ègé kéékèèké tí ń mú kí ẹ̀jẹ̀ dì. A lè pe àwọn ègé wọ̀nyí ní amẹ́jẹ̀dì. Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ń dì, amẹ́jẹ̀dì yóò tú ohun tí ó wà nínú wọn jáde, oògùn tí ó sá pamọ́ sínú wọn yóò sì bọ́ sínú omi tí ó sun jáde. Nítorí èyí, omi ẹ̀jẹ̀ tí ó ti dì ń ki fún kúlórókúìnì ju omi ẹ̀jẹ̀ tí a kò jẹ́ kí ó dì lọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé apá kan náà, ní ìṣẹ́jú kan náà, ni a ti fa méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ lódindi ń kì ju ti tòkè lọ ní nǹkan bí ìlọ́po márùn-ún sí mẹ́wàá.

Ẹni tí ó bá ka ìwé méjì, tí ọ̀kan lo omi àkọ́kọ́ tí èkejì lo ìkejì, tí ó sì túmọ̀ méjèèjì sí “omi ẹ̀jẹ̀”, yóò rò pé àwọn ènìyàn inú ìwé kejì fa oògùn mu ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ìtumọ̀ ni ó dá ìyàtọ̀ náà sílẹ̀. Kò sí nínú ara wọn. Àbá tí a lè mú wá ni pé kí omi inú ẹ̀jẹ̀ tí kò tíì dì máa jẹ́ oje-ẹ̀jẹ̀, kí èyí tí ó sun jáde lẹ́yìn ìdì sì máa jẹ́ omi-ìdì. Orúkọ kejì gbé ìtàn ara rẹ̀ dání: ẹni tí ó bá gbọ́ ọ yóò mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ ti dì kí omi náà tó wà.

Bí oje-ẹ̀jẹ̀ ni a tilẹ̀ lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọ̀rọ̀ kò tíì parí. Bí ẹ̀rọ kò bá yí ẹ̀jẹ̀ kíkankíkan tó, amẹ́jẹ̀dì díẹ̀ yóò ṣẹ́ kù nínú oje náà pẹ̀lú oògùn inú wọn. Iye tí a bá rí yóò lọ sókè ní ọjọ́ kan, yóò sì wá sílẹ̀ ní ọjọ́ kejì. Ìgò gíláàsì pẹ̀lú a máa gba tirẹ̀, nítorí pé kúlórókúìnì a máa lẹ̀ mọ́ ara gíláàsì. Bí a bá ṣe ẹ̀jẹ̀ ti hóró àti ẹ̀jẹ̀ ti abẹ́rẹ́ bákan náà, apá kan nínú àwọn àṣìṣe yìí yóò pa ara wọn rẹ́, nítorí pé a ń fi ọ̀kan pín èkejì ni. Bí a kò bá ṣe wọ́n bákan náà, wọn yóò dúró, kò sì sí ohun tí yóò fi wọ́n hàn nínú àtẹ tí a tẹ̀ jáde.

A tún gbọ́dọ̀ bi ẹ̀rọ ìwọ̀n léèrè ohun tí ó rí. Ẹ̀dọ̀ a máa yí apá kan kúlórókúìnì padà di ohun tí ó jọ ọ́ gidigidi. Àwọn ọ̀nà àtijọ́ tí ó ń wo bí oògùn ti ń tan ìmọ́lẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà lè ya ọmọ kúrò lára ìyá. Wọ́n a máa ka méjèèjì pọ̀. Àyídà ni a lè pe irú ọmọ-oògùn bẹ́ẹ̀. Hóró tí a gbé mì tí ó kọ́kọ́ gba bodè ẹ̀dọ̀ lè ní àyídà ju ti abẹ́rẹ́ lọ, ìkàpọ̀ náà yóò sì gbé ìdéẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ga láìtọ́.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n tí a fún ènìyàn kò gba àlàyé púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ti ṣi ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́nà. Hóró kúlórókúìnì oní-fọ́sífétì tí ó jẹ́ mílígíráàmù 250 àti ti oní-súfétì tí ó jẹ́ 200, irú èyí tí a mọ̀ sí Nivaquine, ogidì kúlórókúìnì 150 kan náà ni ó wà nínú wọn. Ẹni tí ó bá pín iye tí ó rí nínú ẹ̀jẹ̀ pẹ̀lú 250 ní ọjọ́ kan, tí ó sì pín in pẹ̀lú 150 ní ọjọ́ kejì, ti dá ìyàtọ̀ ńlá sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara ènìyàn rárá.

Oògùn àná

Ibà kì í dúró de dókítà ní Ìbàdàn. Ní gbogbo àsìkò tí kúlórókúìnì fi jẹ́ oògùn ibà gbogbogbòò, a ń rí i rà ní ṣọ́ọ̀bù kẹ́míìsì àti lórí àtẹ ní àdúgbò. Kí aláìsàn tó ti Bẹẹrẹ dé Adéọ̀yọ́, tàbí kí ó tó dé ilé ìwòsàn Yunifásítì tí a ṣí ní ọdún 1957, ó ti lè gbé hóró méjì mì nílé. Oògùn yìí kì í sì í tètè jáde lára. Bí a bá tẹ̀ lé e pẹ́ tó, àkókò tí ìki rẹ̀ fi ń dín kù sí ìdajì, èyí tí a lè pè ní ìgbà-ìdajì, a máa tó oṣù kan sí méjì. Ẹni tí ó lò ó ní oṣù tí ó kọjá, tí ó sì ti gbàgbé, gbé e wá sí iyàrá ìwádìí. Oògùn àtijọ́ náà yóò bọ́ sí abẹ́ ìlà, a ó sì kà á mọ́ tuntun.

Nítorí náà ni a ṣe ń fa ẹ̀jẹ̀ kí a tó fún ènìyàn ní nǹkan kan. Bí a bá rí oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ ìṣáájú yìí, a lè yọ ọ́ kúrò nínú èyí tí ó tẹ̀ lé e, ṣùgbọ́n yíyọ náà kò rọrùn tó bí ó ti rí lójú, nítorí pé oògùn àtijọ́ kò dúró sójú kan. Òun náà ń dín kù lọ. Ìbéèrè ẹnu kò tó. Ní èdè Yorùbá, bí a bá bi ènìyàn pé “Ǹjẹ́ ẹ ti lo oògùn?” ó lè dáhùn pé rárá, nítorí pé ó ka ọ̀rọ̀ náà sí oògùn tí dókítà kọ fún ènìyàn, tàbí sí oògùn ìbílẹ̀ tí kò fẹ́ kí a mọ̀ sí. Ìbéèrè tí ó dára jù ni èyí tí ó dárúkọ: ṣé ẹ gbé hóró kíkorò kankan mì fún ibà, tàbí ẹnikẹ́ni fún yín ní abẹ́rẹ́, láti ìgbà tí oṣù méjì sẹ́yìn ti pé? Ọ̀pọ̀ yóò rántí nítorí ara yíyún tí kúlórókúìnì ń fà, èyí tí àwọn ènìyàn wa mọ̀ dáadáa.

Ìrù ìlà àti iye yàrá

Ìgbà-ìdajì gígùn yìí tún ń fa wàhálà mìíràn. Ìlà tí a ń wọn ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ní ìrù gígùn. Bí a bá dúró lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, a ti gé ìrù náà, a óò sì ní láti méfò ìyókù. Àwọn tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ fún ìgbà kúkúrú rí ìgbà-ìdajì tí ó jẹ́ ọjọ́ díẹ̀. Àwọn tí wọ́n tẹ̀ lé e títí rí oṣù. Oògùn kan náà ni. Oògùn tí a gbé mì sì ń pẹ́ kí ó tó wọ ẹ̀jẹ̀ ju ti iṣan lọ, nítorí náà bí a bá gé ìlà méjèèjì ní wákàtí kan náà, ti hóró ni ó sábà máa ń pàdánù jù, ìdéẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò sì kéré lójú.

Àwọn tí wọ́n fẹ́ mọ bí ìfàmu ti yá tó láti wákàtí dé wákàtí ń lo ọ̀nà tí Wagner àti Nelson gbé jáde ní ọdún 1963. Ọ̀nà náà ka ara ènìyàn sí ilé oníyàrá kan, tí oògùn bá ti wọ ẹnu ọ̀nà tí ó sì ti kún gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ara kì í ṣe ilé oníyàrá kan. Ó sún mọ́ agbo ilé ńlá àtijọ́ ní Ọjà'ba: ọ̀dẹ̀dẹ̀ wà, yàrá wà, yàrá wà nínú yàrá. Oògùn tí ó ti kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wọ yàrá lọ kò tíì jáde nílé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó dúró sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yóò sọ pé ó ti lọ, yóò sì lè sọ pé ìfàmu ti parí nígbà tí ó ṣì ń lọ lọ́wọ́. Loo àti Riegelman ṣe àtúnṣe sí i ní ọdún 1968 nípa fífi yàrá kejì kún un. Ohun tí ó ná wọn ni pé a gbọ́dọ̀ ti fa oògùn náà sínú iṣan ẹni náà fúnra rẹ̀ rí.

Bí yàrá inú ti tóbi tó fún kúlórókúìnì ṣòro láti gbàgbọ́. Bí a bá fi ìki oje-ẹ̀jẹ̀ ṣírò àyè tí ó tàn dé, ó ju lítà 100 lọ fún kílógíráàmù ara kọ̀ọ̀kan. Fún ẹni tí ó wọn kílógíráàmù 60, ó ju lítà 6000 lọ, èyíinì ni àgbá epo ọlọ́gọ́rùn-ún méjì lítà ní ọ̀nà 30. Kò sí ẹni tí ó gbé àgbá 30 sínú ara. Ohun tí iye náà ń sọ ni pé ẹran ara, pàápàá ẹ̀dọ̀, ti gba oògùn náà mọ́ra débi pé díẹ̀ bíńtín ni ó ṣẹ́ kù nínú oje-ẹ̀jẹ̀ tí a ń wọ̀n. Àṣìṣe kékeré nínú díẹ̀ yẹn di àṣìṣe ńlá nínú ìṣirò.

Ìgbà mìíràn sì wà tí ìlà náà yí ojú padà sí ẹni tí ń kà á. Pẹnisílììnì lásán ń jáde kúrò lára kíákíá; ìgbà-ìdajì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ààbọ̀ wákàtí. Èyí tí a pò mọ́ procaine, tí a gún sínú ẹran ìdí, a máa wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bí ọjọ́ kan. Ẹni tí ó bá wo ìrù ìlà náà yóò rò pé ara ń lọ́ra láti yọ ọ́ kúrò. Kò rí bẹ́ẹ̀: ibi tí a gún ni ó ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ìrù tí a rò pé ó jẹ́ ti ìyọkúrò, ti ìfàmu ni.

Ibi tí ó kan aláìsàn

Ó rọrùn láti rò pé àríyànjiyàn àwọn tí ń fi ìlà ṣeré ni gbogbo èyí. Ní 1983 ni Walker, Dawodu, Adeyokunnu, Salako àti Alván tẹ ìwádìí jáde lórí kúlórókúìnì nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọdé tí a ń tọ́jú fún ibà. Ní 1987 ni L. A. Salako àti A. F. Aderounmu kéde nínú Lancet pé a ti rí kòkòrò ibà tí kò gbọ́ ti kúlórókúìnì mọ́ ní Nàìjíríà. Láàárín ìròyìn méjèèjì ni ìbéèrè kan wà lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tí ó lo oògùn tí ibà kò sì fi í sílẹ̀: ṣé oògùn náà kò dé inú ẹ̀jẹ̀ ni, àbí ó dé ibẹ̀ tí kòkòrò kò kà á sí? Ìki oògùn nínú ẹ̀jẹ̀ ni ó ń ṣe ìdájọ́. Bí ẹnì kan bá wọn omi-ìdì, tí ó sì fi wé òṣùwọ̀n tí a kọ fún oje-ẹ̀jẹ̀, iye rẹ̀ yóò ga lójú, yóò sì dá kòkòrò lẹ́bi nígbà tí ó lè jẹ́ pé ọmọ bì hóró náà jáde. Bí ó bá ṣe òdìkejì rẹ̀, yóò fi oògùn kan náà kún oògùn fún ọmọ tí ó nílò òmíràn.

Ní ọdún 2005 ni Nàìjíríà fi oògùn alápapọ̀ tí artemisinin wà nínú rẹ̀ rọ́pò kúlórókúìnì fún ibà tí kò tíì le. Ọ̀kan nínú wọn, tí lumefantrine wà nínú rẹ̀, tún gbé ọ̀rọ̀ ìfàmu dìde ní ọ̀nà tuntun. Bí a bá lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ọ̀rá pọ̀ nínú rẹ̀, ìdéẹ̀jẹ̀ lumefantrine a máa pọ̀ tó ìlọ́po 16 ti ẹni tí ó lò ó pẹ̀lú inú òfìfo. Ìwádìí tí kò bá kọ ohun tí àwọn ènìyàn jẹ sílẹ̀ kò lè fi ènìyàn kan wé èkejì. Ìtumọ̀ tí a sì ń kọ sára páálí oògùn kò gbọdọ̀ dúró sí “ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ”. Oúnjẹ ni ògì lásán tí ìyá fún ọmọ tí ẹnu rẹ̀ korò, ọ̀rá kò sì tó nǹkan nínú rẹ̀. “Ẹ lò ó pẹ̀lú oúnjẹ tí ó ní epo tàbí ọ̀rá, tàbí kí ẹ fi mílíìkì sí ògì rẹ̀” gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó sọ ohun tí olùṣe oògùn ní lọ́kàn.